Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà ni Heraclitus, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì, ti rí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa iná?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kò sí ẹ̀rí tó dájú. Ìlú Éfésù ni Heraclitus gbé ní nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ ìjọba Páṣíà. Ó ní ọlọ́run tàbí èèyàn kankan kò dá ayé yìí: iná tó wà láàyè títí láé ni, ó ń jó níwọ̀n, ó sì ń kú níwọ̀n. Nínú ẹ̀sìn Zarathustra, ìyẹn ẹ̀sìn àtijọ́ àwọn ará Páṣíà, iná, tí wọ́n ń pè ní Atar, jẹ́ ọmọ Ahura Mazda, ọlọ́run wọn tó ga jù, ó sì so mọ́ asha, ìyẹn òtítọ́ àti ètò tó gbé ayé ró. Heraclitus tún sọ pé òkú yẹ ní dídànù ju ìgbẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì gan-an lẹ́nu ará Gíríìsì, tó ka ìsìnkú sí ojúṣe pàtàkì. Àmọ́ lójú àwọn ará Ìráànì àtijọ́, tí àwọn ará Páṣíà wà lára wọn, ẹ̀gbin ni òkú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ ire àti ibi. Yasna 30, tó wà lára ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Zarathustra, sọ nípa ẹ̀mí méjì tó jẹ́ ìbejì, tí èèyàn gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú wọn. Heraclitus ní ọ̀kan náà ni ọ̀sán àti òru. Èyí ta ko Yasna pátápátá! Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì mìíràn, ló sún mọ́ ẹ̀kọ́ Yasna jù: nínú apá kẹwàá ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Laws, ó ní ó kéré tán ọkàn méjì ló ń darí ayé, ọ̀kan ń ṣe rere, èkejì ń ṣe òdìkejì rẹ̀.