Ẹ má tẹ rímóòtù yẹn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá. Ẹ ní ọmọbìnrin yín ti pé ọdún 14, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ 12, ẹ sì ń wá fíìmù awàdà tí ẹ lè bá wọn wò, tí yóò kì wọ́n láyà. Ẹ tún bèèrè bóyá ó yẹ kí ẹ máa dá a dúró láti ṣàlàyé fún wọn. Ìbéèrè kejì yẹn gbà mí láyà. Ẹ má dá a dúró. Mo bẹ̀ yín.

Nígbà tí ọmọ mi wà ní ọdún 13, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbí ní London. Bàbá wọn ń wa bọ́ọ̀sì, aago méjìlá òru máa ń kọjá kí ó tó wọlé. Ọmọbìnrin yìí ló ń fún àbúrò rẹ̀ lóúnjẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, "kò sí nǹkan" ni yóò wí.

Ilé ìwé rẹ̀ ní kí n lọ sí kíláàsì òbí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ní ọ̀sán tó yẹ kí n fi sùn. Obìnrin tó ń kọ́ wa pín ìwé pẹlẹbẹ kan fún wa: ẹ bá ọmọ wo fíìmù, ẹ dá a dúró níbi tó bá ṣe pàtàkì, kí ẹ bi í pé "báwo ni èyí ṣe rí lára rẹ?" Mo bèèrè bóyá òun ti bá ọmọ ọdún 13 wo fíìmù rí. Ó ní òun kò tíì bímọ, àmọ́ ìwádìí ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, káàdì sì wà lọ́rùn rẹ̀. Títí dòní ni inú ń bí mi.

Fíìmù tí mo yàn ni Bend It Like Beckham, tí Gurinder Chadha ṣe ní 2002. Ọ̀rọ̀ Jess ni, ọmọ Íńdíà ẹlẹ́sìn Síìkì kan ní Hounslow, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Heathrow, tí kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju bọ́ọ̀lù lọ. Ìyá rẹ̀ ní kí ó wá kọ́ ọbẹ̀ sísè, kí ó yé fi itan hàn níta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń múra ìgbéyàwó. Ẹni tó bá ti dé òde ìyàwó tiwa rí, tó ti rí àwọn àǹtí tó ń fi ojú wọn ọmọ ọlọ́mọ láti orí dé ẹsẹ̀, yóò mọ ilé yẹn bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí chin-chin fi dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Mo yọ ìwé pẹlẹbẹ, mo tẹ rímóòtù. "Báwo ni ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ yìí ṣe rí lára rẹ?" Ó ní, "Ó dáa." Nígbà tó yá, Jess purọ́ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun rí iṣẹ́, kó lè ráyè lọ gbá bọ́ọ̀lù. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣé irọ́ pípa dára? Mo ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àbúrò rẹ̀ ló dáhùn. Ọmọbìnrin mi fa aṣọ ìbora dé ọrùn.

A wá dé ibi àpá. Jess kò fẹ́ wọ ṣòkòtò péńpé nítorí àpá iná ńlá tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún kóòṣì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni òun nígbà náà, ìyá òun ń ṣe àfikún iṣẹ́ ní Heathrow, òun fẹ́ se ẹ̀wà tí òun máa fi jẹ búrẹ́dì, ni iná bá ran ṣòkòtò òun. (Àpá gidi ni o. Ti Parminder Nagra tó ṣe Jess ni, wọ́n kàn fà á wọnú ìtàn ni.) Ọmọ mi dákẹ́. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa apá aṣọ rẹ̀ ti òsì wálẹ̀ dé àtàǹpàkò, ó ń fà á, ó ń fà á. Ó yíjú sí mi, ó la ẹnu. Mo tẹ rímóòtù. Mo ní, "Ṣé o rí ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ ṣọ́ra nídìí iná nígbà tí mi ò bá sí nílé?"

Ó pa ẹnu dé. Ó dìde, ó gun àtẹ̀gùn lọ. Kò gbá ilẹ̀kùn, ó rọra tì í ni. Ìbá gbá a.

Oṣù mẹ́rin ni a fi wà bẹ́ẹ̀. Àṣé ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ó ń dín dòdò fún àbúrò rẹ̀, òróró gbígbóná ta sí i lápá. Ó fi ẹyin tútù pa á, ó wọ aṣọ alápá gígùn lé e. Ẹ̀rù bà á pé bí wọ́n bá mọ̀, ìjọba máa wá kó wọn lọ nítorí pé iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Ilé ìwé ló rí i níkẹyìn, kì í ṣe èmi. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì wá jókòó ní pálọ̀ mi, wọ́n ṣí fìríìjì mi, wọ́n bi ọmọkùnrin mi bóyá ebi ń pa á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà onílà méjì dé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí "ẹ pẹ̀lẹ́" nínú rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó bi ọmọ náà bóyá apá náà ṣì ń dùn ún.

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó gbàgbé: bí iná tàbí òróró bá jó ọmọ, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe bọ́tà, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹ kọ́ wọn kí ẹ tó jáde nílé.

Mo fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday kan, mò ń já ewédú ní pálọ̀, ni ọmọ náà bá tan fíìmù kan náà fúnra rẹ̀. N kò sọ̀rọ̀. A dé ibi bàbá Jess, ẹni tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì dáadáa ní Kẹ́ńyà, tí àwọn ẹgbẹ́ òyìnbó fi láwàní rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó dé ìlú wọn, tó sì pa eré náà tì. Ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n Jess bọ́ sí ọjọ́ àṣekágbá bọ́ọ̀lù, bàbá yìí kan náà ló ní kí ọmọ òun máa lọ. Omijé bọ́ sórí ewédú mi. Ọmọ mi rí i, kò wí nǹkan kan.

Lálẹ́, mò ń fọ ìkòkò, ó wá fara ti fìríìjì. Ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn." Ó sọ gbogbo rẹ̀. N kò yíjú padà, nítorí mo mọ̀ pé bó bá rí ojú mi, yóò dákẹ́. Ìkòkò kan náà ni mo fi nǹkan bí ìdajì wákàtí fọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dá fíìmù yòówù wò kí ẹ tó pè wọ́n, ìyẹn ò nílò àlàyé. Àmì ọjọ́ orí kò tó. 12 ni wọ́n kọ sí ti Jess ní Britain, ṣùgbọ́n ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ń fẹ́ ara wọn. Bí ọmọ bá bi yín nípa rẹ̀, ẹ dá a lóhùn. Bí ẹ bá fò ó, inú fóònù ni yóò ti lọ wá a.

Turning Red ti Domee Shi, 2022, náà dára: Mei, ọmọ ọdún 13 ní Toronto, máa ń di páńdà pupa ńlá bí inú bá ru ú. Wọ́n mẹ́nu kan nǹkan oṣù, kí ọmọkùnrin yín má sá jáde, ó yẹ kó mọ̀. Wives on Strike ti Omoni Oboli, 2016, wù mí gan-an: àwọn obìnrin ọjà kọ̀ láti bá ọkọ wọn sùn títí àwọn ọkùnrin yóò fi dìde lòdì sí fífi ọmọdé fọ́kọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín dàgbà sí i díẹ̀ ná kí ẹ tó bá wọn wò ó. Ti ọkùnrin ni Billy Elliot, 2000, ọmọ awakùsà tó fẹ́ jó bálẹ̀ẹ̀tì, ṣùgbọ́n èébú pọ̀ nínú rẹ̀, 15 ni wọ́n kọ sí i níbí.

Kí ẹ sì gbé rímóòtù fún ọmọbìnrin yín kí ẹ tó jókòó. Ọwọ́ ọmọbìnrin tèmi ló máa ń wà báyìí. Ó ti pé 17, apá aṣọ rẹ̀ kì í gùn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá fíìmù dúró bó bá ní nǹkan tó fẹ́ bá mi sọ.