Kí ló dé tí bíṣọ́ọ̀pù ìjọ Mọ́mọ́nì fi ń fá irùngbọ̀n?

Ìbéèrè tí arákùnrin kan fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí: ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Ìbàdàn, wà nínú ìjọ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mọ́mọ́nì. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe bíṣọ́ọ̀pù ló ti fá irùngbọ̀n tó ti dá sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì wọ agbádá lọ sí ìsìn mọ́, àfi kóòtù, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì. Inú bàbá wọn kò dùn sí i, nítorí pé lójú tiwọn, irùngbọ̀n ni iyì àgbàlagbà ọkùnrin. Arákùnrin náà wá béèrè bóyá irùngbọ̀n ti di ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìjọ yẹn ni, àti kí ni ìtumọ̀ àṣà náà.

Irùngbọ̀n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìjọ náà, kò sì fi ìgbà kankan jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ èyí fún Bàbá ná, kí ọkàn wọn lè rọlẹ̀. Bí ẹ bá wọ ilé ìjọsìn wọn, àwòrán Jésù tí ẹ ó bá lára ògiri ní irùngbọ̀n. Láàárín àwọn ọmọ ìjọ tí kò sí nípò, ẹ ó rí ẹni tó dá a sí àti ẹni tó fá a, wọ́n ń pín búrẹ́dì àti omi oúnjẹ Olúwa fún gbogbo wọn bákan náà. Ọ̀rọ̀ ipò ni ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó fà á.

Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, láti ọdún 2018 sì ni ààrẹ wọn nígbà náà, Russell M. Nelson, ti rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n máa pe orúkọ náà ní kíkún dípò Mọ́mọ́nì. Joseph Smith ló dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1830. Joseph Smith kò dá irùngbọ̀n sí. Ṣùgbọ́n Brigham Young tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ dá a sí nígbà tó yá, àwọn mẹ́fà tó sì jẹ ààrẹ tẹ̀lé e, títí dé orí George Albert Smith tó kú ní ọdún 1951, ni wọ́n ní irùngbọ̀n, tòmíràn gùn dé àyà. Ẹni tó bá lọ sọ fún Joseph F. Smith, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, pé irùngbọ̀n kò yẹ aṣíwájú ìjọ, ẹnu yóò yà á, nítorí pé tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo táì rẹ̀ mọ́lẹ̀. David O. McKay, tó gorí oyè ní ọdún 1951, ni ààrẹ àkọ́kọ́ tó fá ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìgbà Joseph Smith, kò sì sí ààrẹ kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó tún dá irùngbọ̀n sí.

Ohun tó sọ ìfẹ́ ojú fífá di ìlànà ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1975. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní hippie gbòde, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn nítorí ogun Vietnam, tí irun gígùn àti irùngbọ̀n játijàti sì di àmì pé ẹni tó ní i kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni, tàbí pé ó ń lo oògùn olóró. Yunifásítì Brigham Young, tí ìjọ náà ní ní Provo ní ìpínlẹ̀ Utah, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Dallin H. Oaks, tó di ààrẹ yunifásítì náà ní ọdún 1971, ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún náà gan-an pé kò sí ohun tó burú lára irùngbọ̀n fúnra rẹ̀. Ohun tí àwùjọ ìgbà náà ń kà sí i ni ìṣòro, ìlànà tó sì bá ìgbà mu lè yí padà bí ìgbà bá yí. Mo fẹ́ràn àlàyé yẹn nítorí pé ó jẹ́ òtítọ́, ó sì wù mí kí gbogbo aṣíwájú tó ń bẹ ẹnìkan pé kó fá irùngbọ̀n máa ṣe àlàyé bẹ́ẹ̀ fún un. Oaks yìí kan náà ló di ààrẹ gbogbo ìjọ náà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Ẹ wá fi ọdún wọ̀nyẹn wé ìgbà tí ìjọ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Oṣù Kẹfà ọdún 1978 ni wọ́n tó kéde pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú lè gba oyè àlùfáà nínú ìjọ náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni tọkọtaya méjì, ìdílé Mabey àti ìdílé Cannon, dé Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ ìhìnrere, tí wọ́n sì ṣe ìtẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní ìhà ìlà-oòrùn. Ìgbà tí àṣà ojú fífá àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí múlẹ̀ tán ni ìjọ náà wọ ilẹ̀ wa, a sì gba ẹ̀sìn náà pọ̀ mọ́ ìrísí àwọn tó gbé e wá. Kò ṣe àjèjì sí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Thomas Jefferson Bowen mú ẹ̀sìn Onítẹ̀bọmi dé ìlú wa ní ọdún 1855, kóòtù bá a dé. Ọ̀rọ̀ kóòtù yẹn ni Mojola Agbebi, ọ̀kan nínú àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi, wá kọ̀ ní ọdún 1894, tó pa orúkọ òyìnbó rẹ̀ tì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ ìbílẹ̀ nìkan.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ ojú fífá bíṣọ́ọ̀pù lọ́nà tí Yorùbá yóò fi tètè yé e, kó rántí àwọn ìlàrí Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Orí tí wọ́n là ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé wọ́n máa ń fá apá kan irun wọn, wọ́n á dá apá kejì sí. Ẹni tó bá pàdé ìlàrí lójú ọ̀nà kò nílò kí ẹnikẹ́ni wí fún òun pé ọba ló rán an. Bẹ́ẹ̀ náà ni elégùn Ṣàngó ń dirun bí obìnrin, kò sì sí ará Ọ̀yọ́ tí yóò sọ pé ọkùnrin tí kò dirun dẹ́ṣẹ̀. Àmì iṣẹ́ ni. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ló wí i, iṣẹ́ tí ènìyàn ń jẹ́ fún ẹlòmíràn sì ni ọ̀rọ̀ náà bá mu jù.

Bíṣọ́ọ̀pù wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìsìn bí àwọn pásítọ̀ tí à ń kọ́ ní sẹ́mínárì Ògbómọ̀ṣọ́. Kò gba owó oṣù, kò wọ sùtánà, kò sì fi kọ́là àlùfáà sí ọrùn. Ó lè jẹ́ tíṣà, ó lè jẹ́ télọ̀. Wọ́n pè é láti àárín ìjọ, yóò sì ṣe é fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ láti padà sórí ìjókòó tó ti dìde. Lójú tèmi, nítorí pé kò ní aṣọ oyè kankan ni ojú tó fá mọ́ àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun fi di aṣọ oyè fún un.

Funfun náà ní ìdí tirẹ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń ṣe ìtẹ̀bọmi, òun náà sì ni tọkùnrin tobìnrin ń wọ̀ nínú tẹ́mpìlì, irú èyí tí wọ́n yà sí mímọ́ ní Ábá ní ọdún 2005, kí olówó àti tálákà lè rí bákan náà níwájú Ọlọ́run. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, Jeffrey R. Holland, ọ̀kan nínú àwọn Àpọ́sítélì Méjìlá wọn, dábàá pé kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pín oúnjẹ Olúwa máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ìwé ìtọ́sọ́nà wọn gba àwọn ènìyàn níyànjú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má sọ ọ́ di dandan. Ìkìlọ̀ yẹn ni àwọn kan ní ilẹ̀ wa ń gbàgbé, tí wọ́n fi ń wo ọmọ tí kò ní táì bí ẹni tí kò múra fún Ọlọ́run, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́ tónítóní jẹ́ ìmúra ọ̀wọ̀ ní Ọ̀yọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mú táì dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Òfin tí a kọ sílẹ̀ nípa irùngbọ̀n wà fún àwọn òjíṣẹ́ ìhìnrere àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà. Ti bíṣọ́ọ̀pù jẹ́ àṣà tí aṣíwájú ń gbà lọ́wọ́ aṣíwájú, ó sì lè jẹ́ pé ààrẹ èèkàn, tó ń bójú tó àwọn bíṣọ́ọ̀pù mélòó kan, ló béèrè fún un nígbà tó ń pè é sí iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi le níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ìlànà náà sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀: láti ọdún 2020, àwọn òjíṣẹ́ ìhìnrere lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà, àwọn agbègbè kan sì gbà wọ́n láàyè láti bọ́ táì.

Nítorí náà, àna yín kò kọ irùngbọ̀n baba rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ló gbà, ó sì gba àmì rẹ̀. Ìjọ rẹ̀ kò ní kó má wọ agbádá síbi ìgbéyàwó tàbí ìkómọ nínú ilé yín. Ẹ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n ránṣẹ́ pè é wá sí èyí tó bá kàn, kí wọ́n sì dá aṣọ ẹbí lé e lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì dá a sílẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀pù, bó bá fẹ́, kó dá irùngbọ̀n rẹ̀ sí padà.