Kí ló dé tí air gun fi ń ba sìkóòpù tí ìbọn ńlá ò lè bà jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, oko ìrẹsì ni mò ń dá, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ò sì jẹ́ kí n sinmi. Mo ní air gun (ìbọn afẹ́fẹ́) onísìpíríǹgì kan, láàárín oṣù mẹ́jọ sìkóòpù mẹ́ta, awò orí ìbọn tí mo fi ń wo ẹyẹ, ló ti bàjẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ̀kẹta yẹn, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Texas ló fi ránṣẹ́, wọ́n ní irú ẹ̀ gan-an ló wà lórí ìbọn ńlá .300 Win Mag tiwọn láti ọdún 3, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n fi ń yìn, kò tíì ṣe nǹkan kan. Lọ́dọ̀ tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò pé tí ọta fi ń lọ síbi tó wù ú. Ṣé fẹ́ẹ̀kì ni wọ́n tà fún wọn ni? Èwo ni kí n rà tó máa pẹ́?

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá mi, ẹ kú oko o. Ẹ má tíì bínú sí ẹni tó tajà fún ẹ̀gbọ́n yín, ó lè jẹ́ ojúlówó. Irinṣẹ́ àwọn sọfíyọ̀ ni mò ń tún ṣe jù níbí ní Ìkòròdú, sìkóòpù àti báínókúlà ló tẹ̀lé e, gbogbo ẹni tó bá sì gbé ti air gun wá, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: ṣebí air gun lásán ni, kò tiẹ̀ ń gbá èèyàn léjìká. Ẹjọ́ èjìká kọ́ o, sìkóòpù ló ń jẹ ìyà ẹ̀.

Ìbọn ńlá bíi .300 Win Mag tàbí .338 Lapua, tó bá ti dún, ẹ̀yìn ló ń lọ, agbára yẹn pọ̀ lóòótọ́ àmọ́ apá kan ló ti ń wá, àwọn tó ń ṣe sìkóòpù mọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ti de gíláàsì inú ẹ̀ dáadáa fún ìyẹn. Tiyín yàtọ̀. Ẹ fà á, písítínì irin tó wúwo sáré síwájú, ìbọn sún sẹ́yìn díẹ̀, ìgbà tí písítínì bá wá dé òpin tó dúró gbàgà, ìbọn tó ti ń lọ sẹ́yìn á já padà síwájú lójijì. Ẹni tó bá ti dúró nínú BRT láti Ìkòròdú lọ sí Mile 12 rí mọ ohun tí mò ń wí, bọ́ọ̀sì gbéra, ẹ ti di irin mú, kò sí wàhálà, ìgbà tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì láìsọ fún ẹnì kan lèèyàn ń bá ara ẹ̀ lórí itan ẹlòmíì. Kódà ìbọn ńlá tó ní irin oníhò lẹ́nu, irú .50 BMG, náà máa ń ṣe é, torí gáàsì tó gbá irin yẹn ń fa ìbọn síwájú.

Nínú sìkóòpù, túùbù kékeré kan wà nínú túùbù ńlá, ewé sìpíríǹgì kan ló ń tì í mọ́ àwọn kọ́nọ́ọ̀bù tí ẹ fi ń tún ojú ẹ̀ ṣe. Èyí tí mo tú láìpẹ́ yìí, ewé yẹn ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, sukúrù kékeré kan sì ń dún nínú ẹ̀ bí ọmọ ayò nínú agolo. Tí ewé bá ti rẹ̀, ọta ò ní lọ sójú kan mọ́.

Àmọ́ kí ẹ tó náwó, ẹ yẹ ibi tí ẹ dè é mọ́ wò. Ẹ mú tipẹ́ẹ̀sì, ẹ fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí ríìngì tó di sìkóòpù mú bọ́ sára túùbù, ẹ fa òmíì láti ẹsẹ̀ ríìngì bọ́ sára ìbọn, kí ẹ wá yin ọta bíi 30. Tí ìlà bá pín, sìkóòpù ń yọ̀ ni, ẹ̀yìn ló sì sábà máa ń yọ̀ sí lórí onísìpíríǹgì. Mount (irin tó de sìkóòpù mọ́ ìbọn) ẹlẹ́yọ kan tó gùn, tó ní píìnì tó ń wọ ihò orí ìbọn, ni oògùn ẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fi agbára dè é o, èmi náà ṣe é rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, túùbù tẹ̀ bí agolo mílíìkì, owó mi lọ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan míì tí wọn kì í sọ: ẹnu ìbọn tó ń ṣẹ́ láàárín (èyí tí ẹ ń tẹ̀ kí ẹ tó fi ọta sí i) máa ń wọlẹ̀ díẹ̀, ọta á máa balẹ̀, èèyàn á wá yí kọ́nọ́ọ̀bù òkè títí á fi dé òpin. Ibẹ̀ gan-an ni ewé yẹn ti ń sinmi jù, kò ní agbára láti di túùbù mú mọ́. Tí tiyín bá ti fẹ́ẹ̀ dé òpin, ẹ wá mount tó ga díẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ dá kọ́nọ́ọ̀bù padà sí àárín.

Tí gbogbo ẹ̀ bá dáa tó ṣì ń ṣìnà, ẹ wá ra òmíì. Èyí tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wà fún air gun onísìpíríǹgì ni kí ẹ rà, Hawke Airmax wà lára ẹ̀, tí ìwé bá ti dákẹ́ lórí ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kí àmì àgbélébùú ẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ sára gíláàsì, kì í ṣe wáyà, torí wáyà ń já. Kó fúyẹ́, torí bó bá ṣe wúwo tó ló ṣe máa fa mount tó, 4x32 (ó ń sọ nǹkan di ńlá lẹ́ẹ̀mẹrin, gíláàsì iwájú ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 32) tàbí 3-9x40 ti tó yín fún ẹyẹ. Kí ojú ẹ̀ lè ṣe kedere láti yaàdì 10, torí ọ̀pọ̀ tìbọn ńlá, yaàdì 100 ni wọ́n ṣe é fún. Kí wọ́n ti fi náítírójìn sínú ẹ̀, ọ̀sà ló yí yín ká níbẹ̀ yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rinrin á bo gíláàsì láti inú. Ẹni tó bá sọ pé túùbù 30mm ló ń pẹ́ jù, ọjà ló ń tà.

Tó bá dé, ẹ fi pépà sí mítà 25, ẹ yin 5, ẹ yí i kílíìkì 20 sọ́tùn-ún, 20 sókè, 20 sósì, 20 sísàlẹ̀, kí ẹ máa yìn ní ìkọ̀ọ̀kan. Tí kílíìkì bá jẹ́ 1/4 MOA (MOA ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ojú sìkóòpù ṣe yí tó), ẹ̀gbẹ́ kan á tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀, èyí tó gbẹ̀yìn á sì padà sórí ti àkọ́kọ́. Tí kò bá padà, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó tà á lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Èyí tó ti Texas wá, ẹ fi ránṣẹ́ padà sí ẹ̀gbọ́n yín, wọ́rańtì lè wà lórí ẹ̀ níbẹ̀. Láísẹ́ǹsì ìbọn yín ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ ẹ̀. Air gun wà nínú òfin ìbọn 1959 o.