A ti bọ́ sórí fáíbà, íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa ṣì ń fà bí ìgbín

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Akóbọ̀ ní Ìbàdàn ni ilé wa wà. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà ní London ní èdè Yorùbá lórí Zoom ní ìrọ̀lẹ́. Ráútà onísíìmù la ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó dátà fẹ́ẹ́ pa wá, a gba fáíbà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, 50 Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn iyára íntánẹ́ẹ̀tì). Lọ́jọ́ tí wọ́n wá fà á wọlé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n nísàlẹ̀, ó lé ní 45, inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n nínú yàrá òkè tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, kì í ju 6 tàbí 7 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àmì Wi-Fi kún lórí fóònù mi. Tó bá di alẹ́, ó tún burú sí i. Àwọn ọmọ á ní, "Màmá, ẹ ti dúró gbagidi." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pe kọsítọ́mà kíà, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: kí n pa ráútà, kí n tún un tàn. Ọmọ mi ló fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ti àtijọ́ sórí ráútà tuntun, kí a má baà máa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé dátà tó kù lórí síìmù àtijọ́, tí mo rò pé a ó tọ́jú, ti tán kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ṣé kí n lọ gba owó mi padà ni?

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́. Ẹ má tíì gba owó kankan padà. Ìdáhùn tí ẹ ń wá wà nínú ìwé tí ẹ kọ, ibi tí ẹ fi parí rẹ̀ gan-an ni: ta ló jẹ dátà síìmù àtijọ́? Dátà kì í dá jẹ ara rẹ̀. Ráútà àtijọ́ yẹn ṣì ń tàn níbì kan nínú ilé, bóyá lókè, lórí fíríìjì tàbí létí ínfátà níbi tó ti wà látọjọ́, ẹ̀yin ni ẹ sì ń lò ó láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fóònù ò mọ ráútà lójú. Orúkọ àti páswọ́ọ̀dù nìkan ló fi ń dá a mọ̀. Ká ní kànga méjì wà nínú ọgbà kan, ọ̀kan jìn, ó lómi dáadáa, èkejì fẹ́ẹ́ gbẹ, tí ẹ wá sọ àwọn méjèèjì ní orúkọ kan ṣoṣo, tí ẹ rán ọmọ kékeré lọ pọnmi. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ló máa lọ. Ohun tí fóònù yín ń ṣe lókè nìyẹn. Ráútà fáíbà wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ti àtijọ́ wà nítòsí yín, orúkọ wọn dọ́gba, ó bá so mọ́ èyí tó ń gbọ́ ketekete. Ìdí nìyẹn tí àmì fi kún tí iṣẹ́ ò sì lọ. Àmì yẹn kò sọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe pọ̀ tó, bí fóònù ṣe ń gbọ́ ráútà dáadáa sí ló ń sọ. Ọ̀tọ̀ ni kí ìkòkò wà nítòsí, ọ̀tọ̀ ni kí ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Fóònù tún ní ìwà kan: tó bá ti di ráútà kan mú, kì í tètè jù ú sílẹ̀. Ẹ lè gbé e láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ jókòó ti ráútà fáíbà, kó ṣì máa fa ti òkè mu títí tí ohùn rẹ̀ á fi fẹ́ẹ́ pa rẹ́. Ẹ má bá ọmọ yín jà o. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń gba owó iṣẹ́ yìí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ti ṣe é rí nínú ilé ara mi.

Nítorí náà, ẹ yọ ráútà àtijọ́ kúrò lára iná lálẹ́ òní. Ẹ má kàn tẹ bọ́tìnì rẹ̀, nítorí àwọn kan ní bátìrì nínú tí wọn kì í kú bọ̀rọ̀; ẹ wò ó títí iná orí rẹ̀ á fi kú pátápátá. Lẹ́yìn náà kí ẹ pa Wi-Fi orí fóònù, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá òkè yẹn kan náà.

Ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló máa ṣẹlẹ̀. Yálà iye yẹn gòkè sí 20 tàbí 30, kí ẹ máa dúpẹ́, tàbí kí àmì Wi-Fi tó kún tẹ́lẹ̀ ṣẹ́ku ẹyọ kan, kó máa lọ kó máa bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí èkejì yìí bà yín nínú jẹ́. Ó túmọ̀ sí pé ẹ ti wá rí ipò tí ráútà fáíbà wà gan-an láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, tí ti àtijọ́ ń bá a bo àṣírí.

Lọ́dọ̀ àwa tí à ń fa fáíbà, ibi tí wáyà bá parí sí ni ráútà ń gbé. Ẹnu fèrèsé pálọ̀ ni wáyà sábà máa ń gbà wọlé, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló máa ń parí sí, ẹni tó wá fi í sí sì ní ilé mẹ́ta mìíràn tó fẹ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé wa nílẹ̀ yìí kì í ṣe ilé pákó. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri, ìdè irin wà nínú dẹ́kìn tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, irin tún ni ilẹ̀kùn. Irin àti omi ni ọ̀tá Wi-Fi. Táǹkì omi tó bá dúró láàárín ẹ̀yin àti ráútà á mu púpọ̀ nínú rẹ̀, dígí ńlá ara ògiri á dá a padà, tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ sì jẹ́ pátákó onírin tí wọ́n fi bò ó lójú.

Bí wáyà bá gùn tó, ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kó ga tó orí ènìyàn, kí nǹkan kan má dí i lójú. Àtẹ̀gùn ni ihò tó tóbi jù nínú dẹ́kìn, ibẹ̀ ni ó máa gbà gòkè. Wáyà fáíbà tinínrín yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Dígí ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú dígí náà kọjá. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ mọ́ ara bí okùn, tàbí tí ẹsẹ̀ àga bá tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ á máa jò dànù ní kọ̀rọ̀ tó ti ṣẹ́. Ìlà tó ká roboto bí etí abọ́ ò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹ ó tún rí i pé ráútà tuntun lè máa sọ̀rọ̀ lóhùn méjì, 2.4 GHz àti 5 GHz. Ohùn 5 yára púpọ̀, àmọ́ ògiri méjì ti tó láti pa á. Ohùn 2.4 ń wọ ògiri ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun náà ni gbogbo ará àdúgbò ń lò, pẹ̀lú bluetooth àti maikirowéèfù ilé ìdáná, ipa mẹ́ta péré tí kò forí gbárí (1, 6 àti 11) ló sì wà nínú rẹ̀. Nínú pálọ̀, ẹ lo 5. Lókè, ẹ má bínú sí 2.4 tó bá fún yín ní 15, nítorí 15 tó dúró ṣinṣin sàn fún kíláàsì yín ju 45 tó ń fò sókè-fò sódò lọ. Zoom kò jẹun tó bí ẹ ṣe rò. Fídíò tó mọ́ jù tó lè fi ránṣẹ́ kò gba Mbps 4. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ dúró gbagidi lójú àwọn ọmọ ni ọ̀nà àlọ, ìyẹn èyí tí àwòrán yín ń gbà jáde lọ bá wọn. Nígbà tí ẹ bá ń yẹ iyára wò, ẹ máa ka nọ́ḿbà kejì náà, èyí tí wọ́n kọ upload sí. Àwọn ètò kan wà tí wọ́n ń ta 50 fún wíwá sílé, tí ti lílọ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà.

Tí àtẹ̀gùn náà kò bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ má ra àwọn nǹkan kékeré tí wọ́n ń kì bọ ara ògiri tí wọ́n ní ó ń fa Wi-Fi gùn. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ń gbọ́ kó tó tún sọ lórí ohùn kan náà, ìdajì iyára a sì máa ṣòfò sójú ọ̀nà. Wáyà ni kí ẹ fà. Kó jẹ́ irú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat5e tàbí Cat6, láti ẹ̀yìn ráútà gba àtẹ̀gùn lọ bá ráútà kejì lókè. Ó lè gùn tó mítà 100 láìsọ nǹkan kan nù. Kí ẹni tó máa fà á lò wáyà mẹ́jọ inú rẹ̀ pé. Mo bá oníbàárà kan pàdé ní Lẹ́kí tó ń sanwó fún Mbps 200, tí kò rí ju 94 lọ fún oṣù mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ ló ń bú. Nígbà tí mo tú ẹnu wáyà náà, mẹ́rin péré ni wọ́n fi sínú rẹ̀, wọ́n gé mẹ́rin tó kù dànù bí èéhù tí kò wúlò. Wáyà mẹ́rin kì í gbé ju Mbps 100 lọ láéláé. Ẹnu wáyà kékeré kan ló yanjú ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta.

Ráútà tó bá dúró lórí wáyà yẹn lókè lè máa jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀ láìsí wàhálà, nítorí kànga kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń pọn báyìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ alẹ́. Apá kan nínú rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀bi síìmù àtijọ́, torí ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ti ibi iṣẹ́ dé ni òpó ìbánisọ̀rọ̀ máa ń há. Ṣùgbọ́n fáíbà náà kì í ṣe ti ènìyàn kan ṣoṣo. Lórí irú èyí tí wọ́n ń fà wọ ilé wa, okùn ìmọ́lẹ̀ kan ni wọ́n máa ń pín fún ilé 32 tàbí 64, gígábíìtì méjì àti ààbọ̀ (bí Mbps 2,500) ni gbogbo wọn sì jọ ń pín mọ́wọ́. Tí ilé-iṣẹ́ bá kó oníbàárà púpọ̀ jọ, tí ọ̀nà tiwọn tó jáde lọ sí Èkó kò sì fẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni àṣírí ń tú.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ni pé kí ẹ ki wáyà bọ ẹ̀yìn ráútà fáíbà, kí ẹ ki orí kejì bọ lápútọ́ọ̀pù, kí ẹ pa Wi-Fi orí lápútọ́ọ̀pù náà, kí ẹnikẹ́ni má sì lo íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, àti ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ lo Speedtest, kí ẹ tún lo fast.com, torí Speedtest lè yan kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ yín gan-an, ẹni tó bá sì ń wọn ara rẹ̀ nílé ara rẹ̀ kì í sábà kéré. Ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú aago rẹ̀. Tó bá fún yín ní 45 sí 50 ní gbogbo ìgbà, inú ilé ni ìṣòro wà. Tó bá jẹ́ 48 láàárọ̀ tó wá di 10 lálẹ́ lórí wáyà, tiwọn ni. Ẹ má sì jẹ́ kí fáìlì tí ẹ ń gbà wọlé tàn yín jẹ: ó máa ń kọ 6 MB, ẹ ó rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. B ńlá yẹn (byte) tó b kékeré inú Mbps (bit) mẹ́jọ. Mbps 50 kò lè fún yín ju MB 6 àti díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Pẹ̀lú àwọn àwòrán yẹn ni kí ẹ fi pe kọsítọ́mà kíà lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ẹ má sọ fún wọn pé "ó ń fà". Ẹ sọ pé, "Wáyà ni mo fi wọ̀n ọ́n, 48 láàárọ̀, 10 ní aago mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́ta léra. Ẹ rán ẹni tó máa wọn ìmọ́lẹ̀ wá." Ẹ gba nọ́ḿbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ní nọ́ḿbà ọ̀fẹ́, 622, ṣùgbọ́n wọn á kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ ti fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ yín. Nọ́ḿbà ẹ̀sùn yẹn ló máa dáhùn.

Àwọn aládùúgbò máa sọ fún yín pé kí ẹ yí DNS, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń béèrè àdírẹ́sì ojú ìwé, padà sí 8.8.8.8. Kò burú, ó lè jẹ́ kí ojú ìwé tètè ṣí, ṣùgbọ́n kò ní fi Mbps kan kún tiyín.

Ní ti ráútà àtijọ́, ẹ má tà á, ẹ má sì fi í ta ọmọ àdúgbò lọ́rẹ. Àwọn tó ń gbẹ́ ojú ọ̀nà ò mọ fáíbà yàtọ̀ sí gbòǹgbò igi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa gé e, tí iná pupa tí wọ́n kọ LOS sí (ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ ò wọlé mọ́) á máa ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ yín nígbà tí kíláàsì ku ìdajì wákàtí. Ẹ rọra ra dátà díẹ̀ sórí síìmù rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Kí ọmọ yín kọ́kọ́ yí orúkọ rẹ̀ padà sí "Àgbàsílẹ̀" kí ẹ tó tún un tàn.