Ṣé dandan ni ká gba ìwé NGO ká tó lè sọ̀rọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa?

ÌBÉÈRÈ: Òbí àti onílé ni wá ní àdúgbò Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta. Ìjì ti ṣí òrùlé kíláàsì mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà lọ́dọ̀ wa, kíláàsì méjì-méjì ló wá ń jókòó pọ̀. Wọ́n tún ń dá ọmọ tí kò bá san owó PTA padà sílé nígbà ìdánwò. A fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí yóò máa gbèjà àwọn ọmọ yìí. Àwọn kan nínú wa ní a ò lè ṣe nǹkan kan àfi ká kọ́kọ́ lọ gba ìwé NGO (ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba) ní Àbújá, owó ibẹ̀ sì pọ̀. Àwọn kan ní tá a bá ti lanu, ọ̀tá ìjọba la dà yẹn. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?
Òbí kan, Láfẹ́nwá

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan o, ẹ̀yin òbí wa. Kì í ṣe dandan. Abala 40 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ àti láti dara pọ̀ di ẹgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè ìwé lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó sọ pé òjò ń pa ọmọ yín. Ìgbà tí owó ẹlòmíràn bá fẹ́ máa gba ọwọ́ yín kọjá ni ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ di kókó, màá sì dé orí ìyẹn. Agbẹjọ́rò tó ń bá irú ẹgbẹ́ báyìí ṣiṣẹ́ ni mí, ohun tó ń dùn mí jù ni ẹgbẹ́ tó fi ọdún kan gbáko sáré ìwé kiri, tó gbàwé tán, tí òrùlé sì wà bó ṣe wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Híìdì ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọjú ìjà sí, bẹ́ẹ̀ híìdì kò ní owó páànù lọ́wọ́. Abẹ́ SUBEB, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wà, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ ni olórí ibẹ̀. Ní ti owó ìkọ́lé, òfin UBE (òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ nínú àpò ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ló ń pín in. Òfin náà ní kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ fi ó kéré tán ìdajì owó iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni pé: ṣé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yìí wà nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ tún ṣe lọ́dún yìí? Bí kò bá sí níbẹ̀, báwo ló ṣe máa wọlé sí tọdún tó ń bọ̀? Ìdáhùn wà fún ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Ìjọba ẹ gbà wá" kò ní ìdáhùn.

Ilé ẹ̀kọ́ náà tún yẹ kó ti ní ìgbìmọ̀ tó ń bá wọn bójú tó ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń pè ní SBMC. Ìlànà UBEC ni pé kí híìdì, àwọn olùkọ́, òbí, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, aṣojú ọba tàbí baálẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò, àní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn, ní aṣojú nínú rẹ̀. Níbi púpọ̀, orí ìwé nìkan ló wà. Ẹ lọ béèrè orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ṣèpàdé kẹ́yìn. Tó bá ti kú, ẹ ní kí wọ́n jí i dìde, kí ẹ sì fi ènìyàn yín sí i. Lẹ́tà tó bá gba ọ̀dọ̀ SBMC wá lágbára ju ti àjèjì ẹgbẹ́ lọ, nítorí ìjọba fúnra rẹ̀ ló ní kí ìgbìmọ̀ náà wà.

Ní ti owó PTA, ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára. Láti January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Òfin UBE ti 2004 tún sọ ọ́ kedere: ọ̀fẹ́ ni, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3, ẹni tó bá sì gbowó lórí ẹ̀kọ́ náà lè san ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí kó jẹ méjèèjì. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ LEDAP gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ní 2017 ilé ẹjọ́ sì sọ pé ẹ̀tọ́ tí ọmọ lè bèèrè fún ní kóòtù ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí. Kò burú kí òbí fínnúfíndọ̀ dáwó ra ṣọ́ọ̀kì. Àmọ́ kí wọ́n dá ọmọ padà sílé nínú ìdánwò nítorí owó tí òbí rẹ̀ kò rí san, ìyẹn kò sí nínú òfin. Ẹ má tíì pe ọlọ́pàá. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta gbé ẹ̀dà òfin náà lọ bá híìdì, kí wọ́n bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Bí kò bá yí padà, ó di ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́.

Ó kan lẹ́tà. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ lọ ka ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ǹṣì mélòó ló ṣeé jókòó lé, ọjọ́ wo ni ìjì náà jà, yàrá wo ni òjò ń wọ̀. Ojú ìwé kan tó. Ohun méjì péré ni kẹ́ ẹ béèrè, kí wọ́n má bàa mú èyí tó rọrùn nínú mẹ́wàá ṣe kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ṣọwọ́ sí alága SUBEB, káńsẹ́lọ̀ yín, àti ẹni tó ń ṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹ rí i dájú pé wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tiyín, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n lè sọ lọ́la pé àwọn ò rí i.

Tí ẹ bá fẹ́ ìwé ìjọba gan-an, bí orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ tún ṣe, iye owó àti agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n gbé e fún, òfin FOI ti 2011, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, ni kẹ́ ẹ tọ́ka sí. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un tí ìdí bá wà. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè ní kí ẹlòmíràn bá òun béèrè. Tí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti gbé e lọ sí kóòtù. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ní òfin náà kò kan àwọn, àmọ́ ní April 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀.

Ẹ̀rù pé wọn yóò pè yín lọ́tá ńkọ́? Abẹ́òkúta kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ ní 1940 sí 1949 kò fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà, ibẹ̀ ni àwọn yẹn ti wá sọ bí wọ́n ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí obìnrin wá dé, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gba oníṣirò owó pé kó yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò, kí wọ́n tó kún ojú pópó. Nígbà tó fi máa di January 1949, wọ́n ti gbé owó orí obìnrin kúrò, Aláké Adémọ́lá sì fi orí oyè sílẹ̀. Tiyín kò le tó bẹ́ẹ̀, òrùlé lẹ ń béèrè. Àmọ́ ẹ mọ iye owó tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí bí àwọn náà ṣe mọ̀ ọ́n.

Ohun tó lè sọ yín di ọ̀tá ni òṣèlú. Abala 221 nínú ìwé òfin sọ pé ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọ́dọ̀ máa wá ìbò fún ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́dọ̀ dáwó fún ìpolongo rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé bẹ́ǹṣì wá nígbà ìdìbò, ẹ ní kó gbé e fún ilé ẹ̀kọ́, kí SBMC fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á. Ẹ má wọ aṣọ tó ní àwòrán rẹ̀ níbẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ àdúgbò yín tó.

Ní ti ìforúkọsílẹ̀: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ti ń ṣe é báyìí, ẹ ò ní láti rin ìrìn Àbújá. Òfin CAMA ti 2020, tó wà fún ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ní ó kéré tán kí ẹgbẹ́ ní trọ́sítì (alábòójútó ẹgbẹ́) méjì, tí wọ́n ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí kóòtù kò sì dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ ó kọ ìwé òfin ẹgbẹ́, ẹ ó polówó orúkọ yín nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹnikẹ́ni sì ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n láti takò ó. Owó tó bá wọlé kò gbọ́dọ̀ di èrè tí ọmọ ẹgbẹ́ ń pín. Lọ́dọọdún, láàárín June 30 sí December 31, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ọdún ránṣẹ́ sí CAC, àwọn tó bá gbàgbé èyí ni owó ìtanràn máa ń gorí. Báńkì yóò béèrè ìwé CAC, wọ́n sì sábà máa ń béèrè ti SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó tí kò mọ́, pẹ̀lú. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí àwọn trọ́sítì má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kí ẹni méjì sì máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde. Títí ìwé yóò fi jáde, ẹ má gba ọrẹ ńlá sínú àkáǹtì ẹnì kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kó ra páànù fúnra rẹ̀, kó fún SBMC ní rìsíìtì.

Ẹ tún fiyè sí fọ́tò. Ẹ ya òrùlé, ẹ ya bẹ́ǹṣì, ẹ fi ojú àwọn ọmọ sílẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó lo ìsọfúnni ọmọdé. Ọmọ tí ẹ gbé sórí WhatsApp pẹ̀lú aṣọ tó ya, ibẹ̀ ni yóò wà títí dìgbà tó bá dàgbà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíka àwọn ọmọ àti bẹ́ǹṣì lọ́sẹ̀ yìí, kí lẹ́tà jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ sí i, tí ọjọ́ méje kọjá láìsí èsì, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín kọ èyí tó tẹ̀ lé e.