Ṣé wáyà iná tí wọ́n ń ta sórí ògiri ilé láti fi lé olè máa ń jẹ iná púpọ̀?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún wáyà orí ògiri ilé ní iná, irú èyí tó pọ̀ ní Gwarinpa ní Abuja, kì í jẹ ju gílóòbù LED kan lọ.

Ìdí ni pé iná kì í wà lórí wáyà náà ní gbogbo ìgbà. Kapásítọ̀ ló ń kó iná jọ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 1, lẹ́yìn náà thyristor, ìyẹn swíìṣì tí kò ní irin tó ń ṣí tó ń padé, á tú gbogbo rẹ̀ sínú transformer tó ń mú kí volt iná náà ga sí i, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró "tá, tá" tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Bí ìtújáde kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ joule 5 (joule ni ìwọ̀n agbára), tó sì ń wáyé lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ̀tì 5 péré ni. Kódà bí ìdajì bá ṣòfò nínú ẹ̀rọ, wọ́ọ̀tì 10 ló máa jẹ: 0.24 yúnìtì lórí mítà fún wákàtí 24.

Thyristor kọ́ ló ń fi iná ṣòfò jù. Volt 1 sí 2 ló ń gbà nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Àmọ́ bí iná bá gba inú resistor, ìyẹn ohun tó ń dí iná lọ́wọ́, kó tó dé kapásítọ̀, nǹkan bí ìdajì ló ń di ooru.

Ẹ̀rọ ńlá ti oko ẹran lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé koríko tó bá fara kan wáyà lásìkò òjò, torí ó ń dín agbára iná náà kù.