Èsì: Ajá Great Pyrenees tó ń lé ọmọ ewúrẹ́ kiri

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ ní Great Pyrenees yín, irú ajá ńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn, ń lé àwọn ọmọ ewúrẹ́ yín, ẹ sì ń rò ó pé kẹ́ ẹ tà á. Ẹ má tíì ta ajá yẹn. Oṣù 9 tẹ́ ẹ ní ó wà yẹn, ọmọdé ṣì ni, irú ajá yìí kì í gbọ́n tán títí tó fi máa tó bí ọdún 2, eré ló ń bá àwọn ọmọ ewúrẹ́ yẹn ṣe tó fi ń lé wọn tó ń fà wọ́n létí, àmọ́ eré yẹn lè pa wọ́n torí ó ti wúwo jù wọ́n lọ.

Lónìí, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín wọn. Ẹ fi wáyà pààlà, kó ṣì máa rí wọn, kó máa gbóòórùn wọn. Ẹ wá fi í sọ́dọ̀ àwọn àgbà ewúrẹ́ oníwo, àwọn yẹn ò ní gbà fún un, wọ́n á kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Tẹ́ ẹ bá máa mú un padà sọ́dọ̀ àwọn kéékèèké, ẹ fi okùn dì í mú, kí ẹ̀yin náà dúró tì í. Tó bá ti fẹ́ sáré, ẹ bá a wí lójú ẹsẹ̀, tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ yìn ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án.

Tó bá jẹ́ eré nìkan lèyí máa ṣiṣẹ́ o. Tó bá ti dàgbà tó ṣì ń dá egbò sí wọn lára, iṣẹ́ ṣíṣọ́ ewúrẹ́ ò bá a mu nìyẹn.

Gbígbó lóru, iṣẹ́ ẹ̀ ni, bó ṣe ń lé coyote (ẹranko ẹhànnà bí ìkookò tó ń pa ewúrẹ́) nìyẹn.

Ẹ má sì fá irun ẹ̀ torí ooru Texas! Irun yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Ibòji, omi tútù, kẹ́ ẹ sì máa ya irun ẹ̀ dáadáa.